Nígbà tí ẹ̀bi kì í ṣe ti gásíkẹ́ẹ̀tì: bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ sítọ́ọ̀dù ẹ́ńjìnnì máṣíìnì

Bí máṣíìnì tó ti dàgbà bá ń sín láàárín búlọ́ọ̀kù (ibi tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀) àti tọ́ọ̀pù (ìdérí rẹ̀), tí ọ́ìlì ń rin ín lára títí eruku fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín méjèèjì kí nǹkan má bàa jò, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi n'Ìbàdàn. Ọlọ́kadà á sọ̀ kalẹ̀ ní Gate lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì, á ra tuntun bọ̀, mẹkáníìkì á fi sí i, ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pé tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lára ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ láyé, irú Honda CG125 tí wọ́n ti ń ṣe láti 1976, sítọ́ọ̀dù ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ fura sí.

Sítọ́ọ̀dù ni irin gígùn tí kò lórí bíi bóòtù, tó ní tíréèdì (ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tì ń bá wọlé) lókè àti nísàlẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ìsàlẹ̀ wọn wọnú háósìn (ìdí ẹ́ńjìnnì tí búlọ́ọ̀kù jókòó lé), ara wọn gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá, orí wọn yọ lókè tọ́ọ̀pù, nọ́ọ̀tì á wá fún gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé irin yìí máa ń nà. Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń fún un, ó ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà, bó sì ṣe ń fẹ́ sún kì padà ló fi di tọ́ọ̀pù mú. Èyí tí wọ́n bá ti fún kọjá agbára rẹ̀ kì í sún kì mọ́. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, wọ́n á rí i pé ó ti gùn jù ú lọ, tàbí pé ibì kan lára rẹ̀ ti tín-ín-rín.

Ooru ló ń pa á. Ẹ wo máṣíìnì tó gbé èrò méjì, tó ń gun òkè Màpó láti Bẹẹrẹ lọ́sàn-án gangan. Búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, bí ooru rẹ̀ bá fi 120 dígírì ju ti àárọ̀ lọ, yóò fi nǹkan bíi 0.28 mìlímítà ga sí i. Irin tó gùn tó bẹ́ẹ̀, nínú ooru kan náà, kò ní ju bíi 0.14 lọ. Sítọ́ọ̀dù ló máa ru ìyàtọ̀ yẹn: ó gbọ́dọ̀ nà sí i, bó sì ṣe ń nà ló ń fa tíréèdì tó wà nínú háósìn. Alumíníọ̀mù ni háósìn náà, ó rọ̀ ju irin lọ. Ìdí nìyí tí ihò háósìn fi sábà máa ń kú ṣáájú sítọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀tì tó dára máa ń le sí i bí wọ́n ṣe ń yí i. Èyí tí ihò rẹ̀ ti kú á le díẹ̀, á wá rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń yí ṣíbí nínú ẹ̀kọ, á sì máa yí lọ. Bí wọ́n bá fa sítọ́ọ̀dù náà jáde, wọ́n á bá nǹkan kan tó ń dán lára tíréèdì ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó rí bíi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n we mọ́ ọn. Tíréèdì háósìn nìyẹn, ó ti bá a jáde.

Láti yọ èyí tó ti dógùn-ún síbẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n ń fi sí i lórí, wọ́n á fi sípánà méjì fún wọn mọ́ra títí wọ́n á fi há. Tìsàlẹ̀ ni wọ́n á wá yí sẹ́yìn, sítọ́ọ̀dù á sì tẹ̀ lé e. Bí kò bá mì, iná ló kàn, ara háósìn sì ni iná ń lọ, kì í ṣe ara irin, nítorí alumíníọ̀mù ló máa fẹ̀ jù, tí ihò á fi tú irin sílẹ̀. Bí omi tí wọ́n ta sí i bá ti hó tó sì ń fò, ooru náà ti tó. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Ní 660 dígírì ló ń yọ́, ẹni tó bá ń dúró kó pọ́n á kàn rí i tó wó ni. Táǹkì epo gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó ṣáná.

Gíríìpù, ẹ̀mú eléyín tó ń di irin mú, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń sáré mú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa ju sítọ́ọ̀dù náà nù, kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ lò ó padà, ojú ibi tí eyín gíríìpù ha ni yóò ti já lọ́jọ́ kan. Èyí tó bá kán, tó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ lókè, wẹ́dà lè jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn lórí kí wọ́n fi yí i jáde.

Ihò tó ti kú kò gba sítọ́ọ̀dù tuntun, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó. Àwọn kan máa ń we fóìlì mọ́ tíréèdì, àwọn míì á da gọ́ọ̀mù sí i. Ó lè dúró dé ìparí ọ̀sẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fẹ ihò náà, kí wọ́n gé tíréèdì tuntun sí i, kí wọ́n wá yí wáyà irin tí wọ́n ká bíi sípíríńgì sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Helicoil. Fún sítọ́ọ̀dù 8 mìlímítà, bíìtì (ẹnu dírìlì) 8.3 ló ń lu ihò náà, táàpù tirẹ̀ ló sì ń gé tíréèdì. Ọ̀dọ̀ oníléèdì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ló yẹ kí háósìn lọ, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lu ú. Bí dírìlì bá fì díẹ̀ nísàlẹ̀, sítọ́ọ̀dù á fì púpọ̀ lókè, búlọ́ọ̀kù ò sì ní wọlé. Kí kíráńkì (irin tó ń yí nínú háósìn) ti kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹ̀rún alumíníọ̀mù tó bá bọ́ sínú bẹ́árìn á tún di iṣẹ́ mìíràn.

Kí tuntun tó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́ ihò náà gbẹ. Ihò tí kò lu jáde, tí ọ́ìlì sì kù sí nísàlẹ̀ rẹ̀, lè la háósìn nígbà tí sítọ́ọ̀dù bá ń tì í mọ́lẹ̀, torí ọ́ìlì kò ṣe é fún pọ̀. Tíréèdì tó wọnú alumíníọ̀mù yẹ kó jìn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ sítọ́ọ̀dù: 16 mìlímítà fún 8. Kò nílò kí wọ́n fún un kíkankíkan nísàlẹ̀. Kó ṣáà jókòó, kí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ga dọ́gba.

Òkè ni fífún wà. Ìwé ẹ́ńjìnnì ló ni iye rẹ̀. Bó bá sọ pé 20 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára yíyí nọ́ọ̀tì), ìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n so ẹrù kílò 10 mọ́ ìdí sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Kò pọ̀ tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, ẹni tó bá ki páìpù bọ sípánà kó lè gùn ti kọjá rẹ̀ tipẹ́. Ọ́ìlì lára tíréèdì tún máa ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì yọ̀, kó fún ju iye tí ọwọ́ gbọ́ lọ, nítorí náà ohun tí ìwé bá sọ, gbígbẹ tàbí ọlọ́ìlì, òun ni kí wọ́n ṣe. Wọ́n á fún un díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ sítọ́ọ̀dù kan gòkè. Nọ́ọ̀tì tó ní fìlà àti wọ́ṣà bàbà ló ń lọ síbẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣì í gbé síbòmíràn, ọ́ìlì á tún máa jò, gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á sì tún bú.

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá tún nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún dé iye tí ìwé sọ, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á ti fẹ́lẹ́ sí i díẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò fáàfù (èyí tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ nínú tọ́ọ̀pù), kì í ṣe ṣáájú, nítorí bí tọ́ọ̀pù bá ti sọ̀ kalẹ̀, àlàfo fáàfù ti yí padà nìyẹn.