Kí la lè fún tíṣà ọmọ wa lópin táàmù tí àpò wa ò fi ní jò?

Gbogbo oṣù keje, bí wọ́n bá ti ń sọ pé ilé ìwé fẹ́ gba họ́lídè báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá ọmọ máa ń bi mí, torí wọ́n mọ̀ pé mo ti ṣe tíṣà rí, ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ praimárì tú n'Ìbàdàn kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti wá kó àwọn ìbéèrè yẹn jọ síbí, bó ṣe wà lọ́kàn mi ni mo ṣe dáhùn wọn o, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó má bínú sí mi.

Ìbéèrè: Àǹtí, ṣé dandan ni ká fún tíṣà ní nǹkan? Tí mi ò bá rí nǹkan fún un, ṣé kò ní máa kanra mọ́ ọmọ mi?

Kì í ṣe dandan rárá. Kíláàsì tí mo kọ́ gbẹ̀yìn, ọmọ ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, bóyá la máa rí mẹ́wàá tó ń mú nǹkan wá, ẹ bi mí lónìí pé ta ni kò mú wá, mi ò lè sọ. Àwọn tí mo rántí dáadáa ni àwọn òbí tí kì í kí èèyàn láàárọ̀, tí wọ́n á kàn já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì bí ẹni já ẹrù, mọ́tò ò tiẹ̀ ní dúró tán. Ẹ máa kí tíṣà ọmọ yín, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni nǹkan tó ti sú tíṣà jù?

Kọ́ọ̀pù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá lọ́wọ́ kọ́ọ̀pù. Ọdún kan wà tí mo gba kọ́ọ̀pù méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mẹ́ta nínú ẹ̀ ni wọ́n kọ "Best Teacher" sí lára, ọkọ mi ní ṣé mo fẹ́ máa ta tíì ni. Aago ògiri tí wọ́n tẹ fọ́tò ọmọ sí náà ńkọ́, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ kọ́ sí pálọ̀ mi, kí ni mo fẹ́ wí fún àlejò? Kéèkì oníkírímù wá burú jù. Ìyá kan gbé e fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gba họ́lídè, èmi nìyẹn pẹ̀lú báàgì méjì, mo wọ Míkírà láti Bódìjà lọ sí Òjòó, a há mọ́ra wọn lẹ́yìn ọkọ̀, oòrùn ọ̀sán ń ta, ká tó dé Orógun kírímù ti yọ́ sára aṣọ léèsì ìyá tó jókòó tì mí. Èébú ni mo gbà sí i lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹnu kan kéèkì.

Ìbéèrè: Owó kékeré ni mo ní. Ṣé ó lè ra nǹkan gidi?

Ó lè rà á. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ yẹn ń fi ojú tíṣà rí, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán ló ń sọ̀rọ̀, ó ń kà, ó ń kọrin, ó ń pariwo "ẹ jókòó sílẹ̀", tó bá fi máa di Friday ohùn ti ha. Ìgò oyin kékeré kan dáa, jíńjà dáa, orógbó mẹ́rin márùn-ún náà dáa (mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní orógbó kẹ̀, ṣé a fẹ́ sọmọ lórúkọ ni, ẹ lọ bi àwọn olórin àti àwọn oníwàásù léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ kí ohùn wọn tó là). Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń fowó ara mi ra máákà àti bírò pupa, ẹni tó bá fún mi ní páálí bírò kan, inú mi á dùn délé. Dátà náà wà, ẹ kàn bá a ra dátà sórí fóònù ẹ̀, ó ti parí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi lẹ ń bi, ẹ ra gaàrí.

Ìbéèrè: Gaàrí! Ṣé ìyẹn ò ní dà bí ìgbà tá a fi tíṣà wọ́lẹ̀?

Ẹ dúró kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Àwọn ilé ìwé aládàáni kan wà, wọn ò sì kéré, tó jẹ́ pé tí họ́lídè gígùn bá ti dé, owó oṣù kẹjọ á di ààbọ̀, ibòmíì kì í tiẹ̀ san án rárá, wọ́n á ní ṣé ẹ ṣiṣẹ́ ni? Ilé ìwé á wá wọlé nínú oṣù kẹsàn-án, tíṣà á tún dúró dìgbà tí oṣù yẹn bá parí kó tó rí owó gidi mú, òun náà sì ní ọmọ tó fẹ́ ra ìwé àti yunifọ́ọ̀mù fún o. Ẹ wá gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀ fún ẹni tó ń lọ sínú oṣù kẹjọ báyẹn! Gaàrí Ìjẹ̀bú kóńgò méjì, ẹ̀pà ìgò kan, ṣúgà díẹ̀, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ á máa mu ún lọ́sàn-án, wọ́n á máa ṣàdúrà fún yín. Tó bá jẹ́ inú láílọ́ọ̀nù dúdú lẹ kó o sí, ìyẹn ló lè di ìwọ̀sí. Ẹ wá ike tó mọ́ tó ní ìdérí, ẹ fi ríbọ́ọ̀nù so ó, tí wọ́n bá jẹ gaàrí tán ike á ṣì wúlò. Nígbà kan àwọn ìyá mẹ́rin dáwó jọ fún mi, wọ́n ra òróró gálọ́ọ̀nù kan kún gaàrí, mo lo òróró yẹn títí ilé ìwé fi wọlé.

Ìbéèrè: Owó ńkọ́? Ṣé kò ní dà bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Ìgbà tẹ́ ẹ bá fún un ló ń sọ bó ṣe máa rí. Ẹ̀bùn tó wọlé lọ́sẹ̀ ìdánwò, kódà kó jẹ́ búrẹ́dì kan, ojú á máa ti tíṣà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín rìsọ́ọ̀tì tán ná, kẹ́ ẹ tó mú tiyín jáde, kò ní sí ẹni tó máa ní ẹ fi ra pọsíṣọ̀n. Tó bá wá jẹ́ ilé ìwé ìjọba, ẹ ṣọ́ra, torí òṣìṣẹ́ ìjọba ni tíṣà ibẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà (constitution) ti 1999 sì sọ ọ́ nínú àfikún karùn-ún ẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn tìtorí iṣẹ́ ẹ̀, àfi ti mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́, ìyẹn náà dé ibi tí àṣà bá fàyè gbà mọ. Níbẹ̀ ẹ má fún un lówó, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tàbí lẹ́tà tí ọmọ kọ ti tó, kẹ́ ẹ sì fún un lójú gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ilé ìwé kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà, ẹ̀bùn tí òbí kan bá fún tíṣà ilé ìwé ìjọba ò gbọdọ̀ tó $50, tí gbogbo kíláàsì bá dáwó ó lè dé $150, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ fún tíṣà ẹni tó dá a àti iye tó dá.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tíṣà mẹ́tàlá ló ń kọ́ ọ. Ṣé gbogbo wọn ni?

Rárá o. Ẹ bi ọmọ pé ta ló ràn án lọ́wọ́ jù, ẹ fún ìyẹn àti tíṣà kíláàsì ẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí ọmọ kọ lẹ́tà sí i. Ṣé tíṣà tiẹ̀ ń kà á?

A máa ń kà á, àfi èyí tí ìyá ọmọ bá bá a kọ, a mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pe ọ̀rọ̀ fún un, ẹ kàn ní kó kọ nǹkan kan ṣoṣo tí tíṣà ṣe fún un tí kò gbàgbé. Ọmọkùnrin kan mú ẹ̀pà ìgò wá fún mi, ó ya bébà kan láàárín ìwé ẹ̀, ó fi léèdì kọ ọ́ pé "Àǹtí ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tí mo tọ̀ sára". Àṣìṣe mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo ti mú bírò pupa dání kí n tó rántí pé lẹ́tà ni.

Ìbéèrè: Yàtọ̀ sí tíṣà, ta ló tún yẹ ká rántí?

Nánì! Àti baba tó ń ṣí géètì. Wọn kì í wà nínú fọ́tò kíláàsì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ orúkọ wọn. Ọmọ tí mo sọ yẹn, èmi kàn lé àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dànù ni, nánì wa ló bọ́ ṣòkòtò lára ẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tó sá a, tó wá ìpààrọ̀ fún un kí ìyá ẹ̀ tó dé. Kò sẹ́ni tó fún nánì ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn mú ẹ̀pà wá fún mi. Ẹ̀yìn kíláàsì la ti ṣí ẹ̀pà yẹn, àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́ tán kó tó di pé a tilẹ̀kùn.