Ìgbátí àwòrán: ìdí tí n kò fi ní pè é ní bọ́dà

Nínú ImageMagick, irinṣẹ́ tí a fi ń tún àwòrán ṣe láti inú tẹ́míná (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ -border. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí funfun yí àwòrán rẹ̀ ká, ohun tí yóò tẹ̀ nìyí:

magick oja.jpg -bordercolor white -border 20x10 oja-tuntun.jpg

Ẹni tí ẹ̀dà 6 ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi convert rọ́pò magick. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni orúkọ tí àwọn tí ń ṣàlàyé àṣẹ yìí ní Yorùbá ń pè é.

Àwọn kan ń kọ ọ́ ní “bọ́dà”. Bọ́dà tí Yorùbá mọ̀ ni ti Sèmè àti ti Ìdí-Ìrókò, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń yẹ ẹrù wò. Bí a bá sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe lórí fóònù, òǹkàwé lè rò pé ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ni a ń pè. Àwọn mìíràn, tí wọ́n gbà pé ìjìnlẹ̀ ni àwọn mú wá, ní “ààlà” ni. Àárín oko méjì ni ààlà máa ń wà, kò sì sí oko kejì nínú ọ̀rọ̀ àwòrán. Ààlà kì í sì í fi kún ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ àṣẹ yìí gan-an ni pé kí ó fi kún àwòrán.

Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni “ìṣẹ́tí”, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì lò fún etí aṣọ Jésù tí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ fọwọ́ kàn, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó dábàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ́ etí aṣọ ká a sínú ni, aṣọ náà sì kéré sí i. Ìgbátí ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo aránṣọ tí a gbé ìborùn fún: kò fi àlùmọ́gàjí kan ìborùn náà, kò ká etí rẹ̀, ó gé ọ̀já aṣọ aláwọ̀ mìíràn, ó rán an mọ́ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìborùn náà sì tóbi ju bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Nínú àṣẹ tí mo kọ sókè, 20 ni fífẹ̀ ọ̀já tí ó wà lápá òsì àti èyí tí ó wà lápá ọ̀tún, 10 sì ni ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, nítorí náà àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 800, tí òró rẹ̀ sì jẹ́ 600, yóò di 840 àti 620. Àwọ̀ ni kí a kọ́kọ́ sọ: ẹni tí ó bá kọ -bordercolor sẹ́yìn -border yóò bá ìgbátí aláwọ̀ eérú níbẹ̀, nítorí pé òun ni irinṣẹ́ náà ń lò bí a kò bá tíì yan àwọ̀. Ní ti -frame, àṣẹ mìíràn tí etí rẹ̀ ń yọ gọngọ bí igi tí a gbẹ́, férémù tọ́ sí i.

Ẹnì kan ti ta kò mí pé bí àwòrán PNG (irú fáìlì àwòrán kan) bá ní ibi tí a lè rí kọjá, àwọ̀ ìgbátí a máa hàn níbẹ̀, pé èyí fi hàn pé aṣọ ńlá ni a tẹ́ sábẹ́, kí á sì pè é ní “ìtẹ́lẹ̀”. Òtítọ́ ni ohun tí ó rí: ImageMagick a máa tẹ́ àwọ̀ sílẹ̀, a sì gbé àwòrán lé e láàárín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí ó tẹ àṣẹ béèrè ni a ń sọ lórúkọ, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè ìtẹ́lẹ̀ nígbà tí ó kọ 20x10. Bí a bá sì fi -compose Copy ṣáájú, àwọn ibi tí a lè rí kọjá yóò wà bí wọ́n ṣe wà, etí nìkan ni yóò gba àwọ̀:

magick ami.png -compose Copy -bordercolor white -border 20x10 ami-tuntun.png