Coral Way ni Orísun Rẹ̀: Bí Ìṣirò àti Kóòdù Ṣe Wọ Kíláàsì Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà pé níbo ni kíláàsì tí wọ́n ti ń fi èdè Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní ìṣirò ti ṣẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ wọn á nawọ́ sí Washington, sí òfin ẹ̀kọ́ elédè méjì tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 1968. Èmi ò sí lẹ́yìn wọn. Nígbà tí òfin yẹn jáde, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Coral Way nílùú Miami ti ń fi èdè méjèèjì kọ́ ọmọ ní àròpọ̀ àti ìyọkúrò, àwọn ará Kúbà tó sá kúrò nílé wọn sì wà lára àwọn tó ru iṣẹ́ náà. Owó ni Washington mú wá, kì í ṣe ọgbọ́n.

Àmọ́ ìtàn náà jìn ju Miami lọ. Ní ọdún 1556, nílùú Mẹ́síkò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Juan Diez gbé ìwé kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Sumario Compendioso. Juan Pablos, ọmọ Ítálì tó ń tẹ̀wé níbẹ̀, ló bá a tẹ̀ ẹ́. Òun ni ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó tún ku ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó dá Harvard sílẹ̀! Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ àtẹ tí àwọn oníṣòwò wúrà àti fàdákà fi ń mọ iye ọjà wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ń parí lọ, Diez fi òwò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ ìṣirò. Ọ̀kan nínú wọn rèé: wá nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé bí o bá yọ 15¾ kúrò nínú rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù. (Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú kó dúró níbí ná. Ìdáhùn rẹ̀ ni 20¼: 4½ lọ́nà 4½ ló bí i, 4½ náà ló sì ṣẹ́ kù.) Èdè Sípéènì ni wọ́n fi béèrè é, kì í ṣe Látìnì àwọn ọ̀mọ̀wé. Áljẹ́bùrà ti ń sọ Sípéènì ní Amẹ́ríkà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó síbẹ̀.

Ogún ọdún ṣáájú ìwé yẹn, ní 1536, àwọn àlùfáà Franciscan ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Santa Cruz sílẹ̀ ní Tlatelolco nílùú Mẹ́síkò fún ọmọ àwọn ìjòyè Nahua, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Nahuatl tó jẹ́ èdè wọn, Sípéènì àti Látìnì jọ wà níbẹ̀. Ibi tí ara mi ti máa ń yá gágá nìyí, nítorí àwọn Nahua kì í fi ẹ̀wá kà bí òyìnbó. Ogún ni wọ́n fi ń kà, bíi tiwa. Cempohualli ni ogún, ompohualli ni ogójì, ìyẹn ogún méjì gan-an. Irinwó pàápàá ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, centzontli; wọn kì í to ọgọ́rùn-ún mẹ́rin jọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ tó ti ilé ka ogún-ogún bọ̀, tó wá bá ẹ̀wá-ẹ̀wá lọ́wọ́ olùkọ́, ti ń ṣe iṣẹ́ ọmọ kíláàsì elédè méjì kí ẹnikẹ́ni tó ronú irú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ẹẹ́tàdínlógún nílé, ìyẹn ẹẹ́ta tó dín nínú ogún, tó wá dé síkúùlù tí wọ́n ní mẹ́wàá àti méje ni, mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọn kan á ní àwọn ará Jámánì ti ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ elédè méjì ní Ohio láti 1839. Òótọ́ ni, Jámánì ni wọ́n sì ń sọ. Àwọn mìíràn á mú New Mexico wá, tí òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti 1912 ní kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní Sípéènì kí wọ́n lè kọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ ọ́. Ohun tó wà nínú ìwé òfin yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó.

Ó di Coral Way. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gbàjọba ní oṣù Kìíní 1959, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Kúbà ya wọ Miami. Láàárín 1960 sí 1962, àwọn ọmọdé tó lé ní 14,000 wọ ọkọ̀ òfuurufú débẹ̀ láìsí bàbá láìsí ìyá. Tíṣà wà láàárín àwọn àgbà tó sá wá, àwọn tó ti kàwé gboyè nílé, tí ìwé-ẹ̀rí wọn ò sì já mọ́ nǹkan kan ní Florida. Nígbà tí Coral Way wọlé ní oṣù Kẹsàn-án 1963, owó Ford Foundation, àjọ aṣèrànwọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló wà nídìí ètò tuntun náà, Pauline Rojas àti Ralph Robinett sì wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, èdè abínibí ọmọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé ohun kan náà padà wá ní èdè kejì. Ọmọ Kúbà tó bá kọ́ pínpín ní Sípéènì kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, lẹ́yìn oúnjẹ ló máa bá a pàdé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ti ọmọ òyìnbó, òdìkejì ni. Ẹ má pè é ní ògbufọ̀. Ọmọ tó ti lóye bí 12 ṣe pín sọ́nà mẹ́rin kò tún nílò àlàyé. Bí wọ́n ṣe ń pè é lódìkejì ló kù kó mọ̀.

Ford Foundation yìí kan náà ló tún gbówó kalẹ̀ fún ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé Miami ló kọ́ Ifẹ̀ o. Àpò kan náà lowó ti jáde, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Iṣẹ́ kíláàsì elédè méjì kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ Látìn Amẹ́ríkà máa ń fi orí ṣe ìyọkúrò inú pínpín gígùn, àṣẹ́kù nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Tíṣà tí kò mọ àṣà yìí á ní wọ́n wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Billón ti Sípéènì náà, òdo méjìlá ló tẹ̀lé e, mẹ́sàn-án péré ló sì tẹ̀lé billion ti Amẹ́ríkà. Ọmọ tó bá gbé ọ̀kan fún èkejì ti fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ṣìnà.

Lẹ́yìn òfin 1968 ni ẹjọ́ Lau ti 1974, tí àwọn ọmọ Ṣáínà ní San Francisco pè nítorí pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Àwọn èèyàn á tún dárúkọ Jaime Escalante, ọmọ Bòlífíà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjìdínlógún yege nínú ìdánwò kálíkúlọ́ọ̀sì ní Garfield High School, Los Angeles, ní 1982, tí wọ́n sì fura sí mẹ́rìnlá nínú wọn, tí wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Méjìlá tún un ṣe, gbogbo wọn sì tún yege. Akọni ni, mi ò janpata, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe kíláàsì elédè méjì.

Kóòdù ńkọ́? Ní 1967, ní Cambridge, Massachusetts, Seymour Papert, ọmọ South Africa, àti Wally Feurzeig pẹ̀lú Cynthia Solomon ṣe Logo, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, fún ọmọdé. Kò pẹ́ tí ìjàpá fi dé inú rẹ̀, tí ọmọ ń pàṣẹ fún pé kó lọ síwájú, kó yà sọ́tùn-ún (bẹ́ẹ̀ ni, Ìjàpá, èyí tó ń gbọ́ràn). Massachusetts ń yangàn lórí èyí, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìjàpá tiwọn gbọ́ nígbà náà. Costa Rica ni mo fún ní ipò. Omar Dengo Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Logo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbẹ̀ ní 1988. Ọmọdé á tẹ "repite 4 [ad 100 de 90]", ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lọ síwájú 100, kí o yà sọ́tùn-ún 90, ìjàpá á sì ya onígun mẹ́rin. Ọmọ tó bá kọ 80 dípò 90 á rí i fúnra rẹ̀ pé ẹsẹ̀ kẹrin ò padà dé ibi tí àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní 1998 àwọn olùdìbò Kalifọ́níà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀kọ́ elédè méjì run. Ní 2016 wọ́n jí i dìde. Scratch, níbi tí ọmọdé ti ń to búlọ́ọ̀kù àṣẹ pọ̀ dípò kó tẹ̀ ẹ́, jáde láti MIT ní 2007, lọ́wọ́ Mitchel Resnick àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá yí èdè rẹ̀ padà, búlọ́ọ̀kù á di "mover 10 pasos", iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ní yí padà. Python, èdè kóòdù mìíràn, ló le díẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni "if" àti "while" inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Python 3 ti dé ní 2008, ọmọ lè fi ñ sínú orúkọ tó bá sọ nǹkan, kó kọ año fún ọdún. Tí kò bá fi àmì orí rẹ̀ sí i, ihò ìdí ló kọ yẹn, ẹni tó bá sì mọ ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì.