Ó ti jáwọ́ nínú oògùn olóró: kí ló kù tí àwa ará ilé máa ṣe?

Ní Iléṣà níbí, bí ẹnì kan bá ti sọ ọtí tàbí oògùn olóró di bárakú, àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, ará ilé ló máa ń gbà kẹ́yìn. Ọjọ́ tó bá sọ pé òun ti jáwọ́, a ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, a ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ará ilé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá, ìyàwó àti àbúrò ni mo fẹ́ dáhùn.

Kí ló dé tí kò kàn lè fi í sílẹ̀? Ṣé kò fẹ́ràn wa ni?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọ̀nà tí ọtí, igbó, tramadol àti codeine ń gbà ṣiṣẹ́ lára yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń dé apá ibì kan nínú ọpọlọ tó máa ń sọ fún èèyàn pé, “Èyí dáa, tún un ṣe.” Tó bá pẹ́, oúnjẹ, eré, àní ọmọ pàápàá, kò ní dùn mọ́ ẹni náà nínú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdùnnú yẹn ń padà bọ̀, àmọ́ oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i ní oṣù kejì tó jókòó sínú yàrá, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ má rò pé yín ló ń bínú sí.

Ẹ̀yin nìkan sì kọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí ẹni ọdún 64, ló lo oògùn olóró lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Nínú ẹni márùn-ún tó lò ó, ó ti di àìsàn sí ẹnì kan lára. A kò ka ọtí mọ́ ọn o.

Ṣé a lè tì í mọ́lé, kí ó fi jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ohun tó ń lò ló máa sọ. Ẹni tó bá dáwọ́ tramadol tàbí codeine dúró, imú rẹ̀ á máa ṣomi, inú á máa run ún, á máa yàgbẹ́ gbuuru, gbogbo eegun á máa ro ó, kò sì ní rí oorun sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyà gidi ni. Síbẹ̀, bí omi bá ń wọ ara rẹ̀, kì í sábà pa á, dókítà sì ní oògùn tó ń dín in kù.

Ọtí ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹni tó ti ń mu ògógóró tàbí paraga láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá dá a dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan, òógùn á sì bò ó. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí: kòkòrò lára ògiri, àwọn èèyàn tó ń bọ̀ wá pa á. Ara á gbóná, á máa sọ̀rọ̀ kántankàntan. Ibẹ̀ ni ẹbí ti máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é, tí wọ́n á gbé e lọ sórí òkè. Ọtí tó kúrò lára lójijì ló fà á, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ bí kò bá tètè dé ọsibítù. Bákan náà ni ẹni tó ti ń gbé oògùn tó ń múni sùn, bíi Valium tàbí Rohypnol, mì lójoojúmọ́: dókítà ló gbọ́dọ̀ máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀.

Ìlú tí ìsọjí Òkè-Ooye ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1930 ni ìlú wa. Ẹni tó bá ní kí Ìjẹ̀ṣà má gbàdúrà ń dára rẹ̀ lágara ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ààwẹ̀ kún ìyà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọtí sílẹ̀. Fítámì B1 kì í sábà tó lára ọ̀mutí, àìjẹun sì lè jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kí wòlíì wá gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ní ti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ìyà lásán ni. Kì í wo bárakú.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Báwo ni mo ṣe máa bá a sọ ọ́?

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ rí i fín. Ẹ dúró di àárọ̀, nígbà tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí, kí ẹ má pè é lórúkọ burúkú: “Bọ̀dá mi, lálẹ́ Sátidé tí ẹ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ń sunkún. Ẹ̀rù bà mí.” Àbúrò lè sọ èyí láìfojú di ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá fi ohun kan tó ṣeé ṣe tì í: “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Lórí ìpàdé ẹbí, èmi kò fara mọ́ ọn. Bàbá mẹ́jọ á jókòó, kálukú á sọ tẹnu rẹ̀, ẹni tí ìtìjú bá sì jáde níbẹ̀, ibi tí wọn kò ti ní bá a wí ló ń wá lọ, ìyẹn ilé ọtí. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, Robert Meyers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CRAFT, tó ń kọ́ ará ilé láti sọ̀rọ̀ láìbáni jà, láti yin ẹni náà lọ́jọ́ tí kò bá mu, àti láti fà sẹ́yìn lọ́jọ́ tó bá mu. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, nǹkan bíi méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ẹbí wọn gba ẹ̀kọ́ náà ló padà gbà láti lọ fún ìtọ́jú.

Ṣé ká ra ọ̀kadà fún un, kó lè bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun?

Ó dáa kó níṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ẹ ro irú iṣẹ́ náà dáadáa. Ọ̀kadà ń mú owó wẹ́wẹ́ wọlé lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n sì ti ń tò dúró de èrò, ẹni tó ń ta paraga kì í jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sanwó lóṣooṣù, tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n tí kò ti ní dá owó kà, ló sàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ẹ lọ san án nílé ẹ̀kọ́. Ebi ń pa á, ẹ bu oúnjẹ fún un. Gbèsè tó jẹ ẹni tó ń ta oògùn fún un, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ òṣómàáló ni wá, a mọ owó kà, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọmọ tiwa, a kì í fẹ́ béèrè ibi tí owó ń gbà lọ.

Ṣé kí n máa yẹ àpò rẹ̀ wò?

Rárá. Ẹ ó rí nǹkan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà á mọ ibòmíràn tó máa tọ́jú rẹ̀ sí. Àmọ́ oògùn ìrora màmá àgbà àti ọtí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó, ẹ kó wọn kúrò nílé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó tún padà sídìí ẹ̀. Ṣé gbogbo wàhálà wa já sí asán ni?

Kò já sí asán. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, NIDA, sọ pé nínú 100 tó gba ìtọ́jú, 40 sí 60 ló máa ń padà lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru ṣe ń pa oògùn wọn tì, a kì í sì í tìtorí ẹ̀ lé wọn jáde nílé.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìwọ̀n tó máa lò. Nígbà tó ń gbé tramadol mì lójoojúmọ́, ó ti mọ́ ara rẹ̀ lára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò mọ́ ọn lára mọ́, iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ sì lè pa á. Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ tó ń mí lọ́ra, tó ń han-anrun lọ́nà àjèjì, tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, tí kò dáhùn nígbà tí ẹ pè é, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹmájẹ́ńsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíkì sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó lè mú kí ẹni tí codeine tàbí heroin ti dùbúlẹ̀ tún máa mí dáadáa, àmọ́ agbára rẹ̀ lè tán láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ààbọ̀, nítorí náà wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ní ọsibítù.

Mo máa ń ní kí ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀ ṣáájú pé, “Tó bá tún ṣẹlẹ̀, má dá nìkan wà níbẹ̀. Pè mí. Mi ò ní pariwo.” Àwọn kan ní ìyẹn ń fún un láyè láti padà sídìí ẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, torí òkú kì í gba ìtọ́jú.

Èmi tí mò ń tọ́jú rẹ̀ ńkọ́?

Bó bá ń lù yín, ẹ kó àwọn ọmọ, kí ẹ lọ síbi tí ọkàn yín ti balẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò sọ pé kí ẹ gba ìgbájú. Bí kò bá sí ìlù, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó máa sọ òótọ́ fún, kó má jẹ́ ẹni tó máa gbé e káàkiri Ọjà Àtakúmọ̀sà.

Ibo la máa gbé e lọ?

Ọsibítù Wesley Guild wà ní Iléṣà níbí, abẹ́ OAUTHC, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ló sì wà. Ẹ béèrè fún àwọn dókítà ìlera ọpọlọ. Fún ìtọ́jú tó máa jẹ́ kó gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀, ilé ìwòsàn ti Aró ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka kan tó wà fún bárakú nìkan. NDLEA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti ń gba ará ilé nímọ̀ràn: 0800 1020 3040. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú páálí tàbí ìgò ohun tó ń lò dání, kí ẹ má sì dín iye tó ń lò kù nítorí ìtìjú. Bó bá jẹ́ ọtí ni, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tó mu èyí tó kẹ́yìn, torí òun ni dókítà máa fi mọ̀ bóyá gìrì ṣì lè gbé e lálẹ́ ọjọ́ náà.