Ọ̀já ìkookò kì í tú ọ́síjìn sílẹ̀ lóru

Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta fúláwà, ìbáà ṣe lápá Lágere n'Ífẹ̀ tàbí nítòsí ọjà Àtakúmọ̀sà l'Ílẹ́ṣà, ẹ ní ẹ ń wá èyí tí kò ní wàhálà tí ẹ lè gbé sínú yàrá. Ọ̀já ìkookò ni wọn yóò gbé síwájú yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní snake plant. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi tẹ̀ lé e ni ẹjọ́ wà nínú rẹ̀: "Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, mà. Àwọn yòókù ń bá èèyàn du ọ́síjìn lóru ni, èyí ń tú u sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ WhatsApp, ó ti wọ ẹnu àwọn tó kàwé gan-an, ẹni tó bá sì ní òun kò gbà, wọ́n á bi í pé kí ló mọ̀.

Ti pé ó ń lé ejò, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ejò tó bá gbọ́ òórùn eku lẹ́yìn ìkòkò náà yóò lọ bá a níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí ló le, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń gbé irọ́ yòókù rìn. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn tó ń tà á kò mọ̀ ni ibi tí ọ́síjìn ewé ti ń wá. Kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ewé ń fà ló ti ń wá. Inú omi ni. Ewé a máa tú omi palẹ̀, ọ́síjìn inú omi náà ni yóò sì jáde. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, omi kò tú, bí omi kò bá sì tú, kò sí ọ́síjìn tuntun kankan. Bó ṣe rí fún ìrókò náà ló rí fún ọ̀já ìkookò, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún koríko ẹ̀yìnkùlé.

Kí wá ni ọ̀já ìkookò ń ṣe lóru tó fi dá yàtọ̀? Igi púpọ̀ a máa ṣí àwọn ihò tíntìntín ara ewé wọn lọ́sàn-án láti fa carbon dioxide, kí wọ́n lè fi oòrùn sè é di oúnjẹ. Ọ̀já ìkookò jẹ́ ewéko tó lè fara da ọ̀dá. Bó bá ṣí ihò rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, omi ara rẹ̀ á fẹ́ lọ. Nítorí náà, òru ló ń ṣí i. Yóò fa carbon dioxide wọlé, yóò sọ ọ́ di ásíìdì, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú ewé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á pa ihò dé, á tú ásíìdì náà, á wá fi oòrùn se oúnjẹ rẹ̀. Ìgbà tó ń se oúnjẹ yìí ni ọ́síjìn ń wáyé. Ọ̀sán ni, kì í ṣe òru. CAM ni àwọn onímọ̀ ń pe ọgbọ́n yìí.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe àwárí tuntun. Àbámodá tí ń hù lórí òkìtì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nílé wa ní í. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne tọ́ ewé àbámodá wò ní Íńdíà kó tó di 1820. Ó rí i pé ó kan láàárọ̀, pé kíkan náà ti pòórá nígbà tó fi di ọ̀sán, àti pé ó ń fẹ́ korò nírọ̀lẹ́. Ásíìdì tí ewé kó jọ lóru ni ahọ́n rẹ̀ bá pàdé. Ọ̀pẹ òyìnbó náà ń lo ọgbọ́n kan náà, a ò sì tíì rí ẹni tó kó bẹ́ẹ̀dì lọ sóko ọ̀pẹ òyìnbó kó lè rí afẹ́fẹ́ gidi mí.

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún wa ni pé, "Ṣebí ẹ̀yin náà gbà pé ó ń ṣí ihò lóru?" Ó ń ṣí i. Ṣíṣí ihò kò sọ ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Carbon dioxide ló ń wọlé. Ewé náà fúnra rẹ̀ ń mí lóru, ó sì ń lo ọ́síjìn díẹ̀, bíi gbogbo ohun abẹ̀mí. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù nínú ihò láti ọ̀sán lè jò jáde nígbà tí ó bá ṣí, a ò ní jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ra fúláwà.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká ṣírò ọ́síjìn náà wò. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, gba nǹkan bíi lítà afẹ́fẹ́ 40,000. Ọ́síjìn kó ìdá 21 nínú 100 níbẹ̀, ìyẹn lé ní lítà 8,000. Ẹni tó sinmi ń lo nǹkan bíi lítà 15 ní wákàtí kan. Bó bá sùn fún wákàtí 8, ó lo 120. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi síméǹtì dí gbogbo ojú fèrèsé, ẹni kan kò lè lo ìdá 2 nínú 100 ọ́síjìn yàrá náà kílẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá yín du nǹkan kan. Ohun tó ń mú kí yàrá há mọ́ni láyà lóru ni ooru, pẹ̀lú carbon dioxide tí a mí síta. Fèrèsé ṣíṣí pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ló wo ìyẹn.

Àwọn mìíràn á wá sá sẹ́yìn NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pé NASA ló ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ìwádìí náà wáyé lóòótọ́, ọdún 1989, ọ̀já ìkookò sì wà lára àwọn tí wọ́n lò. Inú àpótí kékeré tí wọ́n dí pa ni wọ́n kó àwọn ewéko náà sí, wọ́n wá fẹ́ kẹ́míkà bíi benzene sí i. Ilé wa kì í ṣe àpótí. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ méjì, Cummings àti Waring ní Yunifásítì Drexel l'Amẹ́ríkà, ṣírò irú àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n ní kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe, ẹ nílò láti 10 títí dé 1,000 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Nínú yàrá tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, ìkòkò bíi 130. Ẹ wá sọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà.

A ò sọ pé kẹ́ ẹ má gbìn ín. Ó lẹ́wà, kì í tètè kú, ojú sì máa ń tutù bó bá rí ewé. Ó lè jẹ́ pé ó dín carbon dioxide kù ní ìwọ̀n bíńtín lóru. Ẹni tó bá ní ìyẹn tó òun, kò burú.

Láti gbìn ín, gáráwá ọ̀dà lítà 4 ti tó. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Kóńgò méjì ilẹ̀dú, kóńgò kan yanrìn odò tí kò kúnná, àti kóńgò kan èèpo ẹkùrọ́ tí a fọ́ wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ pò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ewé gbìn ín, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 7, ẹ fi í síbi tí òjìji wà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ẹ wá ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọlẹ̀. Èyí tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò kò ní ta gbòǹgbò. Èyí tí etí ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ má gé ewé rẹ̀ gbìn, nítorí aláwọ̀ ewé lásán, tí etí rẹ̀ kò pọ́n, ni yóò hù. Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pín.

Omi ló ń pa á jù. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú ilé, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ́yẹ́, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà òjò. Bí ìdí ewé bá rọ̀ tó ń rùn, gbòǹgbò ti jẹrà nìyẹn, torí omi gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ilẹ̀. Wọ́n ní kò nílò ìmọ́lẹ̀; kò ní tètè kú nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà. Ẹ gbé e sí mítà kan sí fèrèsé. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé, ẹ má fi òróró pa á kó lè máa dán, ihò tí a ń sọ ni òróró ń dí.

Ẹ da omi inú àwo tí ẹ gbé sábẹ́ rẹ̀ nù, ẹ̀fọn ń yé síbẹ̀. Ajá, ológbò tàbí ọmọ tó bá jẹ ewé rẹ̀ lè bì, nítorí èròjà saponin inú rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé e sí yàrá torí pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọlé láti fàráńdà, kó gbọ́ èyí dáadáa: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín náà, kò lóòórùn, ọ̀já ìkookò kò sì lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé jìnnà sílé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu sàlẹ́ǹsà rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, títí kan ti aládùúgbò.