Strut Brace Iwájú Ọkọ̀: Nọ́ọ̀tì Àárín, Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án

Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ ìta ni ẹrù máa ń wọ̀ lọ́rùn jù. Ìnira yẹn á gba ara ṣọ́ọ̀kì gòkè lọ sí ilé ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ara ọkọ̀ tó yọ gọngọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí orí ṣọ́ọ̀kì dúró sí. Irin náà máa ń yẹ̀ díẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Strut brace ni ọ̀pá tó so ilé méjèèjì pọ̀ kí ọ̀kan má baà dá yẹ̀. Ohun tí awakọ̀ máa fura sí ni pé ọkọ̀ yára gbọ́ràn sí sítíárìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ tó ń lo MacPherson strut (ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan) ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù, nítorí pé orí ṣọ́ọ̀kì gan-an ló ń di táyà mú lókè. Lára ọkọ̀ tó ń lo double wishbone, ìyẹn apá irin méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó di táyà mú, èrè ibẹ̀ kò tó nǹkan. Tí ara ọkọ̀ bá sì ti le dáadáa láti iléeṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ ìyàtọ̀ kankan. Ọkọ̀ tó ń dún gbà-gbà nínú kòtò, tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó ń jẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe ọ̀pá yìí ni oògùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún búṣì (rọ́bà oríkèé abẹ́ ọkọ̀), ball joint (oríkèé irin tó ń yí) àti ṣọ́ọ̀kì ṣe.

Bí ẹ bá ń rà á, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dídán tàn yín. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ ní odidi le ju èyí tí wọ́n fi bóòtì kan so orí rẹ̀ mọ́ abọ́ irin ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ojú bóòtì yẹn lè máa yí. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín, ọdún rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ kan náà, ẹ́ńjìnnì mìíràn lè ga jù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ọkọ̀ dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fa handbrake. Ẹ má fi jáàkì gbé e. Ìwúwo ọkọ̀ ló ń tẹ ilé ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè tí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì, ṣọ́ọ̀kì á já wálẹ̀, wàhálà sì ni láti dá bóòtì rẹ̀ padà sínú ihò.

Lórí ilé ṣọ́ọ̀kì, ẹ sábà máa rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó yí ọ̀kan ńlá ká. Mẹ́ta yẹn ni tiyín. Èyí tó wà láàárín ló di sípíríǹgì tí wọ́n ti fún pọ̀ mú. Ẹni tó bá tú u lè gba ọgbẹ́ tó lè mú ẹ̀mí lọ. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì àárín nìkan ló hàn lókè. Ọ̀pá onínọ́ọ̀tì mẹ́ta kò bá irú wọn mu.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ gbé ọ̀pá náà lé ibi tó máa wà kí ẹ wò ó. Ṣé ihò bára mu? Ṣé kò kan ike omi bíréèkì, rọ́bà tàbí wáyà? Ẹ nu ìdọ̀tí kúrò, ẹ wò bóyá irin ti dógùn-ún tàbí ó ti là. Irin tó ti jẹrà, ajórin ló kàn. Ẹ fi àkísà gbígbẹ bo orí bátìrì, torí sípánà tó bá bọ́ lé e á ta iná. Bí ihò orí ṣọ́ọ̀kì bá gùn bí ihò bọ́tìnnì, ẹ fi máákà sàmì síbi tí bóòtì wà, nítorí tó bá sún, bí táyà ṣe fì sínú tàbí síta á yí padà.

Sípánà 12, 13 tàbí 14 ló sábà máa ń wọ̀ ọ́. Ẹ tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ gbé abọ́ irin lé e, ẹ fi ọwọ́ dá gbogbo nọ́ọ̀tì padà kí ẹ tó fi sípánà kan èyíkéyìí. Abọ́ náà á jẹ díẹ̀ nínú gígùn bóòtì. Tí orí bóòtì kò bá yọ jáde dé ojú nọ́ọ̀tì, ọ̀pá yẹn kò dára fún ọkọ̀ yín. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà inú, tuntun ni kí ẹ lò.

Torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń de nọ́ọ̀tì, ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìwé ọkọ̀. Bóòtì M8 (ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8) sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 20 sí 25 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára ìdè), M10 ní 40 sí 50. Àdéjù ló ń gé bóòtì, bóòtì yìí sì wà lára orí ṣọ́ọ̀kì: bó bá gé, ẹ máa yọ gbogbo ṣọ́ọ̀kì kúrò kí ẹ tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Bóòtì tó so ọ̀pá mọ́ abọ́ ni ẹ máa dè kẹ́yìn.

Ọ̀pá tó ṣeé fà gùn ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹ yí i títí kò fi ní jẹ̀kẹ́jẹ̀kẹ́ mọ́, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ de nọ́ọ̀tì ìdènà. Yíyí i sí i kò mú ọkọ̀ le. Ńṣe ló ń ti ilé méjèèjì síta, tó sì ń fi ipá gba ẹ̀gbẹ́ bóòtì.

Fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi amọ̀ rírọ̀ sórí ọ̀pá níbi mélòó kan, ẹ rọra pa á dé, kí ẹ ṣí i wo bó ṣe tẹ́ tó. Níbi tó bá ti fẹ́lẹ́ bí páálí, ọ̀pá á kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì náà máa ń mì bí ẹ bá tẹ pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, nítorí náà èmi kì í gba àyè tó dín ní ìbú ìka méjì láàárín rẹ̀ àti ọ̀pá.

Lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà, ẹ tún fi torque wrench kàn án. Bó bá ń dún kọ̀-kọ̀, nọ́ọ̀tì tó tú tàbí bóòtì orí ọ̀pá ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí àmì máákà bá ti yẹ̀, tàbí sítíárìn kò dúró láàárín mọ́, ẹ lọ ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títún bí táyà ṣe dúró ṣe. Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ẹ sọ fún un pé ọ̀pá ni kó kọ́kọ́ yọ, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀.