Ìṣẹ́kù èso kì í ṣe àgbàdo: bí a ṣe ń fi bọ́ abo ehoro

Bí àgbàdo bá ti gbówó lórí, ìbéèrè tí àwọn tó ń sin ehoro máa ń gbé tọ̀ mí wá ni pé ṣé wọ́n lè fi èèpo ọsàn, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, tàbí ápù tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ lè fi dípò apá kan. Ṣùgbọ́n abo tí yóò lóyún, tí yóò bí, tí yóò sì fún ọmọ lọ́mú, kò ṣe é bọ́ bí èyí tí a kàn fẹ́ kó sanra.

Agbára ni àgbàdo ń fún ehoro, inú sítáàṣì ló sì ti ń wá. Sítáàṣì kò tó nǹkan nínú ìṣẹ́kù ọsàn. Pẹ́kítìnì, èyí tó ń mú jáàmù dì, ló pọ̀ níbẹ̀. Àpò ńlá kan wà ní ìfun ehoro tí àwọn kòkòrò tójú kò lè rí ti ń tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ palẹ̀ di agbára. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, nítorí sítáàṣì àpọ̀jù tí ìfun rẹ̀ kò lè dà máa ń ya wọ inú àpò yẹn, ó sì lè di ìṣunú tó ń pa wọ́n.

Purotéènì ni wàhálà. Oúnjẹ abo tó ń fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ ní purotéènì tó ìdá 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àgbàdo jẹ́ bíi 8 tàbí 9, ti ìṣẹ́kù ọsàn gbígbẹ bíi 6 tàbí 7, ti ápù kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ àgbàdo kúrò, ẹ fi sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kún un.

Omi inú èso tún wà níbẹ̀. Nínú kílò kan èèpo tútù, ojúlówó oúnjẹ lè má ju 200 gíráàmù lọ. Abo á jẹ, inú rẹ̀ á kún, síbẹ̀ ebi á máa pa ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìbímọ ni omi ọmú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ni kò yẹ ká fi èèpo tan án jẹ. Èmi kì í jẹ́ kí ìṣẹ́kù gbígbẹ kọjá ìdá mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀ nígbà náà. Abo tó sinmi tó sì ti ń sanra lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn tilẹ̀ dára fún un: abo tó sanra jù kì í tètè lóyún, bó bá sì lóyún, ó lè dédé kọ oúnjẹ nígbà tí ìbí kù díẹ̀, kó sì kú.

Nínú àwọn èròjà tó ń mú eegun le, kálísíọ̀mù pọ̀ nínú ìṣẹ́kù ọsàn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kéré. Ehoro máa ń fa kálísíọ̀mù sára bó ti wù kó pọ̀ tó, á wá tọ àṣẹ́kù rẹ̀ dànù. Abo ọlọ́mọ ń rí i lò sínú omi ọmú, ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ akọ tàbí abo tó sinmi bá funfun tó sì ki, ẹ dín ẹfun tàbí eegun lílọ̀ tó wà nínú oúnjẹ wọn kù.

Èèpo tútù kì í pẹ́ kan. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a títí tí yóò fi máa dá péú lọ́wọ́. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù pátápátá. Kí a gé ibi tó bu sọnù kò tó, torí oró rẹ̀ ti lè wọ ibi tí ojú kò rí. Píà (afokádò) kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, ìbáà ṣe èèpo, kóró tàbí ewé. Kóró ápù náà kò dára.

Ẹ fi ọjọ́ méje sí mẹ́wàá yí oúnjẹ padà díẹ̀díẹ̀, kí koríko gbígbẹ má sì wọ́n níwájú wọn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn gbogbo ọmọ inú ìtẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá pé ọjọ́ 21, torí omi ọmú ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára lé pátá títí di ìgbà yẹn. Ẹ tún wọn àwọn tí abo kan náà bá bí lẹ́yìn ìyípadà, bí iye wọn bá jọra. Bí ìwọ̀n wọn bá wálẹ̀, ẹ dá díẹ̀ nínú àgbàdo náà padà.